Láti Abúlé Tongmu Dé Inú Ìgò Lọ́fínńdà: Ìtàn Òórùn Tíì Eléèéfín

Nínú àwọn òórùn tí àwọn tó ń po lọ́fínńdà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti ń lépa láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, òórùn tíì dúdú tí a fi èéfín igi gbẹ wà lára èyí tó ṣàrà ọ̀tọ̀ jù lọ, nítorí pé ó kó ewé, iná àti oje igi pọ̀ sójú kan. Tíì tí òórùn náà ti wá ni gbogbo ayé mọ̀ sí Lapsang Souchong, tí àwọn ará Ṣáínà tó ni ín sì ń pè ní Zhengshan Xiaozhong. Òróró olóòórùn tí wọ́n fi ń fara wé òórùn tíì náà ni àpòpọ̀ oje ewé, oje èèpo igi àti ti gbòǹgbò, tí wọn kò fi ọtí lú, tí wọ́n dà sínú òróró tó mọ́ gaara, tí ẹni tó rà á sì ń fi ìka tọ́ díẹ̀díẹ̀ sí ọrùn ọwọ́ àti ẹ̀yìn etí. Ìtàn òróró yìí fi hàn pé òórùn tí wọ́n ń tà ní orúkọ tíì, òórùn iná ni ní ti gidi, àti pé iná méjì tó jìnnà síra wọn, ọ̀kan lórí òkè ní Ṣáínà, èkejì nínú igbó àríwá Yúróòpù, ni ó pàdé nínú ìgò kékeré kan.

Òkè Wuyi àti Ilé Èéfín

Òkè Wuyi wà ní ààlà ìpínlẹ̀ Fujian àti Jiangxi ní gúúsù ìlà-oòrùn Ṣáínà, téńté rẹ̀ tó ga jù lọ, tí wọ́n ń pè ní Huanggang, sì ga ju 2,100 mítà lọ. Nínú àfonífojì kan láàárín àwọn òkè yìí ni abúlé Tongmu wà, níbi tí kùrukùru kì í ti í tètè ká nílẹ̀ láàárọ̀, tí òjò ń rọ̀ léraléra ní ìgbà ìrúwé, tí òtútù sì ń mú kí ewé tíì pẹ́ kí ó tó yọ ju ti oko pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ, tó fi jẹ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í já a. Igi páìnì, ìyẹn igi olóje tí ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì mú ṣóṣó, pọ̀ ní àgbègbè náà, irú èyí tí àwọn onímọ̀ igi ń pè ní Pinus massoniana ni wọ́n sì ń fi dáná sí ewé tíì. Oòrùn tí kò ṣeé gbára lé àti igi tó kún fún oje ni ó bí tíì eléèéfín, nítorí pé ẹni tí kò bá rí oòrùn sá ewé rẹ̀ kò ní ọ̀nà mìíràn ju kí ó sá a sórí iná lọ.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé òǹkàwé, ó yẹ kí ó mọ̀ pé gbogbo tíì tòótọ́, ìbáà jẹ́ aláwọ̀ ewé tàbí dúdú, ara igi kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń já a, ìyẹn Camellia sinensis. Ìtọ́jú tí ewé náà rí lẹ́yìn tí wọ́n já a tán ni ó ń ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Bí wọ́n bá tètè fi ooru gbígbóná mú un, àwọ̀ rẹ̀ kò ní yí padà, yóò sì di tíì aláwọ̀ ewé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi ọwọ́ yí i títí oje rẹ̀ fi jáde, tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, èròjà inú rẹ̀ yóò darapọ̀ mọ́ ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́, ewé náà yóò pọ́n, lẹ́yìn náà yóò sì dúdú. Irú kejì yìí ni àwọn ará Ṣáínà ń pè ní tíì pupa, nítorí àwọ̀ omi rẹ̀ nínú ife, tí àwọn ará Yúróòpù sì ń pè ní tíì dúdú, nítorí àwọ̀ ewé rẹ̀ gbígbẹ. Ti Tongmu ni ọ̀pọ̀ òpìtàn tíì kà sí àkọ́bí gbogbo tíì dúdú tó wà láyé.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn ará abúlé náà sọ pé ní àkókò tí ìjọba ìdílé Ming ń wó lọ, tí ìdílé Qing tó gba Beijing ní ọdún 1644 sì ń jagun bọ̀ ní gúúsù, àwọn ọmọ ogun kan gba Tongmu kọjá ní àsìkò tí wọ́n ń já tíì, wọ́n wọ̀ sínú ilé tí ewé wà, wọ́n sì sùn lé e lórí. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ewé ti rọ, ó ti dúdú, kò sì wúlò fún irú tíì tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ kò fẹ́ kí iṣẹ́ ọdún kan ṣòfò, wọ́n sáré dáná igi páìnì, wọ́n gbẹ ewé náà lórí rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí ọjà Xingcun ní ìsàlẹ̀ òkè láti tà á ní ọ̀pọ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn oníṣòwò padà wá béèrè tíì tó bàjẹ́ yẹn, wọ́n sì fi owó tó jọjú lé e. Bó ti wù kí àròsọ pọ̀ tó nínú ìtàn yìí, ó gbé òótọ́ kan dání, òun ni pé èéfín ti jẹ́ ohun ààbò fún ewé kí ó tó di ohun ìgbádùn fún ẹni tó ń mu ún. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn obìnrin Ìlàjẹ létí òkun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣe ń fi èéfín yan ẹja kí ó má baà jẹrà, títí adùn èéfín náà fi di ohun tí ẹnu ń wá nínú ọbẹ̀.

Ilé tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ náà ni wọ́n ń pè ní qinglou, ìyẹn ilé pákó alájà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí wọn kò dí àjà rẹ̀ pa, tí wọ́n kàn fi ọ̀pá igi tẹ́ ẹ kí ooru lè gba àárín wọn kọjá, tí wọ́n sì tẹ́ ẹní oparun lé ọ̀pá náà lórí. Iná páìnì ń jó nísàlẹ̀, èéfín rẹ̀ ń gba ihò abẹ́ ilẹ̀ wọnú ilé, ó sì ń gun òkè láti àjà dé àjà. Àjà òkè ni wọ́n ń tẹ́ ewé tútù sí kí ó lè rọ. Nígbà tó bá rọ tán, wọn á yí i, wọn á kó o sínú apẹ̀rẹ̀, wọn á fi aṣọ bò ó kí ó lè pọ́n, wọn á sì dà á sínú agbada gbígbóná fún ìgbà díẹ̀ kí pípọ́n náà lè dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn tí wọ́n bá tún un yí ni wọ́n á wá tẹ́ ẹ sórí asẹ́ oparun, wọn á gbé e kọ́ sí àjà ìsàlẹ̀, wọn á sì dín iná kù kí igi lè máa rú èéfín dípò kí ó máa jó geere. Ibẹ̀ ni ewé ti ń gba òórùn tó pọ̀ jù lọ sára, ọ̀rinrin tó sì ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ ni ó ń jẹ́ kí èéfín ráyè wọ̀ ọ́ dénú. Àwọn tó mọ̀ ọ́n mu máa ń sọ pé, lẹ́yìn èéfín, ojúlówó rẹ̀ ní adùn longan gbígbẹ, ìyẹn èso kékeré kan tí àwọn ará Ṣáínà máa ń sá bí wọ́n ti ń sá èso àjàrà.

Orúkọ tí wọ́n sọ tíì náà fi hàn pé ìjà ojúlówó àti ayédèrú ti bá a dàgbà. Xiaozhong, tó dúró fún irú kékeré, ni ó di Souchong lẹ́nu àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì. Zhengshan ni òkè tòótọ́, ìyẹn Tongmu àti àyíká rẹ̀, èyí tí wọ́n sì ṣe níta òkè náà ni wọ́n ń pè ní waishan. Nígbà tí tíì náà gba orúkọ lọ́jà, ibi púpọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ra ewé tí kò dára, wọ́n sì ń da èéfín bò ó títí tí ẹnikẹ́ni kò fi lè mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Lọ́wọ́ àwọn wọ̀nyí, èéfín di aṣọ tí wọ́n fi ń bo àléébù ewé, irú tíì bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ará Yúróòpù kọ́kọ́ mọ̀.

Ọ̀nà Òkun Lọ sí Lọ́ńdọ̀nù

Àwọn ará Hóláńdì ni wọ́n kọ́kọ́ fi ọkọ̀ kó tíì lọ sí Yúróòpù fún títà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tíì gbayì láàfin lẹ́yìn tí Ọba Charles Kejì fẹ́ Catherine ti Braganza, ọmọ ọba Potogí, ní ọdún 1662, nítorí pé ayaba náà ti mọ̀ ọ́n mu láti ilé bàbá rẹ̀. Ní ọdún 1664, ilé-iṣẹ́ East India, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún ní àṣẹ òwò ìlà-oòrùn, fi tíì tó tó nǹkan bíi pọ́n-ùn méjì ta ọba lọ́rẹ. Tíì dúdú tó ti òkè Wuyi wá ni wọ́n ń pè ní Bohea, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni orúkọ òkè náà ṣe ń dún lẹ́nu àwọn ará etíkun Fujian. Ní ìbẹ̀rẹ̀, tíì àwọn ọlọ́lá ni Bohea, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń kó púpọ̀ sí i wọlé ni orúkọ náà ń rẹlẹ̀, títí ó fi di orúkọ tíì tó wọ́pọ̀ jù lọ, tí Souchong sì bọ́ sí ipò tíì dúdú tó dára.

Òwò yìí kò ṣàìdá wàhálà ìṣèlú sílẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 1773, nígbà tí àwọn ará Boston ní Amẹ́ríkà bínú sí owó orí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé lé tíì, tí wọ́n da àpótí tó ju 300 lọ sínú omi èbúté, Bohea ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n dà nù, Souchong sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, owó orí tíì pọ̀ débi pé àwọn onífàyàwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba òwò náà mọ́ àwọn olóòótọ́ lọ́wọ́, kí ìjọba tó sọ ọ́ kalẹ̀ láti ìdá 119 nínú ọgọ́rùn-ún sí ìdá 12.5 ní ọdún 1784. Láti ìgbà náà ni tíì ti kúrò ní ohun mímu olówó nìkan, tí òṣìṣẹ́ àti alágbàṣe náà sì ń mu ún.

Láti ọdún 1757 títí di 1842, èbúté Guangzhou nìkan ni ìjọba Qing gbà kí àwọn ará Yúróòpù ti máa ra ọjà. Tíì Wuyi ní láti gun orí alárù kọjá òkè lọ sí ìlú Hekou ní Jiangxi, kí ó wọ ọkọ̀ odò gba adágún Poyang, kí ó gba odò Gan lọ sókè, kí alárù tún gbé e sọdá ọ̀nà òkè Meiling, kí ó tó wọ Guangzhou lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹrù tó bá máa la irú ọ̀nà yìí kọjá, tó sì tún máa lo oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà lórí òkun, kò gbọdọ̀ ní ọ̀rinrin lára, ìdí sì nìyẹn tí tíì dúdú tí iná ti gbẹ dáadáa fi ṣeé kó ju tíì aláwọ̀ ewé lọ. Lẹ́yìn ogun òògùn opió, ìyẹn ogun tí Gẹ̀ẹ́sì bá Ṣáínà jà lórí òwò opió, àdéhùn Nanjing ti ọdún 1842 ṣí èbúté márùn-ún, Fuzhou tó wà létí odò Min, tó sún mọ́ òkè Wuyi gan-an, sì wà lára wọn. Nígbà tí ogun Taiping, ìyẹn ọ̀tẹ̀ tó dìde sí ìjọba Qing, dí ọ̀nà inú ilẹ̀, ilé-iṣẹ́ Russell and Company ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í kó tíì gba Fuzhou jáde ní ọdún 1853, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Láti èbúté yìí ni àwọn ọkọ̀ ìgbòkun ti sáré ìje tíì ti ọdún 1866, tí ọkọ̀ Taeping fi wọ èbúté Lọ́ńdọ̀nù ní ìṣẹ́jú 28 péré ṣáájú ọkọ̀ Ariel lẹ́yìn ọjọ́ 99 lórí omi.

Ọdún mélòó kan ṣáájú ìgbà náà ni ohun tó máa pa òwò yìí lára ti ń wọlé bọ̀. Robert Fortune, onímọ̀ ewéko ará Scotland tí ilé-iṣẹ́ East India rán níṣẹ́, wọ òkè Wuyi ní ọdún 1849 nínú aṣọ ará Ṣáínà, pẹ̀lú irun dídì tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sì kó irúgbìn tíì àti àwọn oníṣẹ́ tíì lọ sí Íńdíà. Òun náà ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún àwọn ará Yúróòpù pé igi kan náà ni tíì aláwọ̀ ewé àti tíì dúdú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Carl Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Swídìn, ti fún wọn ní orúkọ igi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Tíì Assam tó hù fúnra rẹ̀ ní Íńdíà ti dé ọjà Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1839, kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún sì tó parí, tíì Íńdíà àti ti Ceylon ti gba ife àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ti Ṣáínà lọ́wọ́. Àwọn ilẹ̀ tuntun wọ̀nyí ń fi ẹ̀rọ gbẹ tíì wọn láìsí èéfín. Bí tíì aláìléèéfín ṣe di ohun ojoojúmọ́ nìyẹn, tí tíì eléèéfín sì di ohun àwọn ènìyàn díẹ̀ tó mọ ìdí tí wọ́n fi ń wá a.

Ọ̀nà Ràkúnmí àti Ọ̀dà Igi Birch

Tíì Wuyi ní ọ̀nà kejì tó gba ilẹ̀ lọ sí Rọ́ṣíà. Lẹ́yìn àdéhùn Kyakhta ti ọdún 1727, tó fi ìlú ààlà tí àdéhùn náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ṣe ojú ọjà láàárín ilẹ̀ méjèèjì, àwọn oníṣòwò láti ìpínlẹ̀ Shanxi bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ẹsẹ̀ òkè Wuyi ra tíì, wọ́n ń kó o gba Hekou àti Hankou lọ sí àríwá, ràkúnmí sì ń rù ú la aṣálẹ̀ Gobi àti ilẹ̀ Mòǹgólíà kọjá dé Kyakhta. Láti ibẹ̀, kẹ̀kẹ́ ẹrù àti ọkọ̀ orí yìnyín ni ó ń gbé e la Siberia kọjá lọ sí Moscow, gbogbo ìrìn náà sì lè gbà ju ọdún kan lọ. Àwọn ará Rọ́ṣíà máa ń sọ pé èéfín iná tí àwọn arìnrìn-àjò ń dá ní alaalẹ́ ló wọ inú tíì náà lára. Òwò ràkúnmí yìí parí nígbà tí ọkọ̀ ojú irin la Siberia já, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ta tíì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń po irú tíì kan tí wọ́n ń pè ní Russian Caravan, Lapsang Souchong ni wọ́n sì sábà máa ń fi sí i kí òórùn èéfín lè wà nínú rẹ̀.

Rọ́ṣíà tó ń ra èéfín Ṣáínà ní èéfín tirẹ̀. Birch ni igi àríwá tí èèpo rẹ̀ funfun tó sì ń bó bí awẹ́ ìwé. Bí wọ́n bá di èèpo náà sínú ìkòkò tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, tí wọ́n sì dáná yí ìkòkò náà ká, èèpo kò ní jóná. Yóò tú ká, ọ̀dà dúdú kan yóò sì máa kán jáde nísàlẹ̀. Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ gan-an láyé: lára ọfà ọkùnrin tí wọ́n rí nínú yìnyín òkè Alps ní ọdún 1991, tó ti kú láti nǹkan bí 5,300 ọdún sẹ́yìn, ọ̀dà birch ni wọ́n fi lẹ irin-iṣẹ́ olókùúta mọ́ igi. Àwọn oníṣẹ́ awọ ní Rọ́ṣíà ń rẹ awọ sínú omi èèpo igi willow, wọ́n sì ń fi òróró ọ̀dà birch pa á, èyí tí kì í jẹ́ kí omi tètè wọ̀ ọ́ tàbí kí kòkòrò jẹ ẹ́, tó sì fún un ní òórùn èéfín tí kì í ṣí. Àwọn ará ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù ń fi awọ yìí di ìwé, wọ́n ń fi ṣe àpótí àti ìjókòó. Ọkọ̀ Metta Catharina, tó ń ti Saint Petersburg kó awọ yìí lọ sí Genoa, rì sí èbúté Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1786. Nígbà tí àwọn òmùwẹ̀ rí i ní ọdún 1973, púpọ̀ nínú awọ náà ṣì dára lábẹ́ ẹrẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sì fi ṣe bàtà àti báàgì.

Òórùn awọ yìí ni ó kọ́kọ́ gbé ọ̀dà birch dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń po lọ́fínńdà. Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni oríṣiríṣi ilé-iṣẹ́ Faransé ti ń ṣe lọ́fínńdà tí wọ́n ń pè ní Cuir de Russie, ìyẹn awọ Rọ́ṣíà. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni Ernest Beaux pò fún Chanel ní àwọn ọdún 1920. Moscow ni wọ́n bí Beaux sí, òun kan náà ló sì ti po Chanel No. 5 ní ọdún 1921. Nígbà tí àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ fẹ́ po òórùn tíì eléèéfín, ọ̀dà náà ti wà nínú àpótí irin-iṣẹ́ wọn ṣáájú.

Bí Tíì Ṣe Wọ Inú Lọ́fínńdà

Títí di ìdajì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, gbogbo lọ́fínńdà ayé ni ó ń ti ara ewéko àti ẹranko wá. Ní ọdún 1868 ni William Henry Perkin, onímọ̀ kẹ́míkà ará Gẹ̀ẹ́sì, fi ọwọ́ ṣe coumarin, èròjà tó ń mú kí koríko gbígbẹ ta sánsán. Wọ́n ṣe vanillin, èròjà òórùn fánílà, ní ọdún 1874 ní Jámánì. Nígbà tó sì di ọdún 1882, Fougère Royale ti ilé Houbigant gbé coumarin wọ inú lọ́fínńdà tó ń lọ sọ́jà. Lẹ́yìn èyí, èròjà àfọwọ́ṣe gba iṣẹ́ náà, títí àwọn oníṣẹ́ kéékèèké kan ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù fi tún padà sí ti ewéko nìkan ní ìparí ọ̀rúndún ogún.

Tíì fúnra rẹ̀ pẹ́ kí ó tó rí ipò nínú lọ́fínńdà, nítorí òórùn ewé náà fúyẹ́, kì í sì í dúró. Jean-Claude Ellena ló ṣí ọ̀nà fún un ní ọdún 1992 nígbà tó po Eau Parfumée au Thé Vert, tó dá lórí tíì aláwọ̀ ewé, fún Bulgari. Ní ọdún 1998, Annick Menardo po Bvlgari Black fún ilé-iṣẹ́ kan náà, ó sì kó òórùn Lapsang Souchong, rọ́bà àti fánílà pọ̀ sínú rẹ̀. Ní ọdún 2000, Olivia Giacobetti po Tea for Two fún L'Artisan Parfumeur, tó fi atalẹ̀ àti oyin ti tíì eléèéfín lẹ́yìn. Àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí ló kọ́ àwọn oníbàárà láti fẹ́ òórùn tí wọ́n ti rò tẹ́lẹ̀ pé ẹnu nìkan ló wà fún, àwọn tó ń fi ewéko nìkan ṣe lọ́fínńdà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí àwọn náà ṣe máa rí i.

Ìmọ̀ kẹ́míkà ṣàlàyé ìdí tí èyí fi ṣeé ṣe láìsí tíì púpọ̀. Ohun tó ń jẹ́ kí igi le ni wọ́n ń pè ní lignin. Bí ooru bá tú u ká níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti tó, ó ń di guaiacol àti àwọn ìbátan rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ gbòǹgbò òórùn èéfín níbi gbogbo. Lignin páìnì sábà máa ń mú guaiacol jáde, nígbà tí ti birch ń fi syringol kún un, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀dà birch fi jọ èéfín Tongmu láìjẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tí páìnì ní tirẹ̀ ni oje rẹ̀. Èròjà méjì tó pọ̀ jù nínú òórùn Lapsang Souchong ni longifolene àti alpha-terpineol, longifolene sì jẹ́ ohun tí èéfín páìnì gbé wá, tí kò sí nínú tíì mìíràn. Bákan náà, guaiacol àti vanillin jẹ́ ọmọ ìyá láti inú lignin, ohun tó sì jẹ́ kí fánílà bá tíì eléèéfín lọ lọ́nà tí imú kò fi lè kọ̀ ọ́ nìyẹn.

Nítorí náà, ẹni tó ń po òróró yìí láti ara ewéko máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oje tíì dúdú, tí wọ́n fi èròjà olómi fà jáde láti inú ewé, tó sì nípọn tó dúdú, kí ó tó wá èéfín tí yóò gbé e ró. Ó lè mú ọ̀dà birch, tàbí òróró cade, tí wọ́n ń rí láti inú igi juniper etí òkun Mẹditaréníà, tí wọ́n sì ti ń lò fún àìsàn awọ ara tipẹ́tipẹ́. Ó sì lè mú choya láti Kannauj ní Íńdíà, ìyẹn òróró tí àwọn oníṣẹ́ ń rí nípa fífi ooru tú oje igi olóòórùn tàbí karawun òkun ká nínú ìkòkò amọ̀. Gbòǹgbò vetiver, tó ní èéfín díẹ̀ lára fúnra rẹ̀, ni wọ́n máa ń fi sí ìsàlẹ̀ kí òórùn lè pẹ́. Ọ̀sàn bergamot ni wọ́n ń fi sí òkè kí ó lè mọ́lẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń dà sínú òróró jojoba tàbí òróró àgbọn tí kì í dì. Jojoba, tí igi rẹ̀ ń hù ní aṣálẹ̀ Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò, kì í tètè kan, ó sì gba ipò òróró ẹja àbùùbùtán nínú ìpara lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà fòfin de òróró ẹja náà ní àwọn ọdún 1970.

Ọtí ló ń gbé òórùn fò jáde kúrò lára nínú lọ́fínńdà tí wọ́n ń fín. Òróró kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó ń mú un dání, ó ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ara ti ń móoru, ẹni tó sún mọ́ni nìkan ló sì ń gbọ́ ọ. Lọ́fínńdà olóròóró kò ṣàjèjì sí àwọn Mùsùlùmí Ìlọrin, Ìbàdàn àti Èkó, tí wọ́n ń rà á nínú ìgò pẹ́ńpẹ́ nítorí pé kò sí ọtí nínú rẹ̀. Irú ìgò kan náà ni tíì eléèéfín fi ń dé ọwọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà.

Òfin Èéfín àti Ọjọ́ Òní

Èéfín kì í ṣe ohun tí kò léwu. Ọ̀dà tí wọn kò tíì sẹ́ ní àwọn èròjà tí wọ́n lè fa àrùn jẹjẹrẹ, nítorí náà IFRA, àjọ tó ń ṣe ìlànà fún àwọn oníṣẹ́ òórùn lágbàáyé, kò gba ọ̀dà birch tàbí òróró cade tútù láàyè nínú lọ́fínńdà. Èyí tí wọ́n tún sè tí wọ́n sì yọ àwọn èròjà yẹn kúrò nínú rẹ̀ nìkan ló gbà, ó sì fi ìwọ̀n sí i. Ní ti tíì mímu, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù pàṣẹ ní ọdún 2014 pé anthraquinone, èròjà kan tí èéfín igi lè gbé wọ inú ewé, kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 0.02 lọ nínú kílógíráàmù kan, òfin yìí sì mú kí ó ṣòro fún ojúlówó tíì eléèéfín láti wọ ọjà tó ti ń rà á láti ìgbà ọkọ̀ ìgbòkun.

Ní Tongmu pẹ̀lú, nǹkan ti yí padà. Ìjọba sọ àgbègbè náà di igbó àìgbọdọ̀fọwọ́kàn ní ọdún 1979, UNESCO kọ òkè Wuyi sínú ìwé ogún àgbáyé ní ọdún 1999, ó sì di ọgbà orílẹ̀-èdè ní ọdún 2021, tó fi jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò lè wọ ibẹ̀ lọ gé páìnì bó ṣe wù ú. Ní ọdún 2005, àwọn oníṣẹ́ abúlé náà ṣe Jin Jun Mei, tíì dúdú tí wọ́n ń fi ìrudi ewé nìkan ṣe láìsí èéfín, owó gọbọi tí wọ́n ń tà á sì mú kí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi ilé èéfín sílẹ̀. Nígbà tí UNESCO fi iṣẹ́ ìbílẹ̀ ṣíṣe tíì Ṣáínà sínú ìwé ogún àṣà ní ọdún 2022, iṣẹ́ qinglou ti di ti ìdílé díẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí: òórùn ń lọ jìnnà sí i, ṣùgbọ́n iná tó bí i ń kù. Àwọn tó ń fi ewéko po òróró olóòórùn ti ṣe iṣẹ́ tó yẹ fún ìyìn, nítorí pé wọ́n fi birch, cade àti vetiver kọ́ ohun kan tí imú ń gbà gbọ́. Síbẹ̀ orúkọ tí wọ́n fi ń tà á, àwọn àgbẹ̀ òkè Wuyi ló ṣiṣẹ́ fún un, kò sì bójú mu kí orúkọ náà máa pa owó fún ẹlòmíràn nígbà tí ilé tó bí i ń dá páro. Kí ẹni tó bá fẹ́ ra irú òróró yìí béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, kí ó rí i dájú pé ọ̀dà inú rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ti sẹ́, kí ó sì wá ojúlówó Zhengshan Xiaozhong ife kan mu kí ó tó fi ti inú ìgò para, nítorí ẹni tó bá mọ tíì náà nìkan ni ó lè mọ̀ bóyá wọ́n fara wé e dáadáa.